Ilé wà ní Munich, ìwé ní Pasing ni

Àbúrò mi obìnrin pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbà mí o. Ó jọ pé wọ́n fẹ́ lù wá ní jìbìtì."

Òun àti ọkọ rẹ̀ ń ra ilé kékeré kan tó ní àgbàlá ní Munich, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Munich ni àdírẹ́sì ilé náà, àmọ́ nínú ìwé tí wọ́n fún wọn kà ṣáájú ọjọ́ ìbuwọ́lù, Pasing ni wọ́n kọ. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó fi bírò pupa yí Pasing ká.

Ẹ má bá a wí. Ikorodu la bí i sí. Ẹni tó dàgbà níbí, tó bá rí orúkọ ìlú méjì lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ onílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Èmi ní tèmi, iṣẹ́ mi ni. Ọdún 17 rèé tí mo ti ń ya àwòrán ilẹ̀ lọ́dọ̀ awọnlẹ̀ kan ní Sábó. Mi ò gbọ́ èdè Jámánì, ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ kì í ṣòroó gbọ́. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì.

Gemarkung lorúkọ ohun tó dẹ́rù bà á. Àwọn ará Jámánì pín ilẹ̀ wọn sí agbègbè-agbègbè nítorí ìwé ilẹ̀ nìkan, Gemarkung sì ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, abúlé àtijọ́ ni. Ìlú tó dá dúró ni Pasing tẹ́lẹ̀, kí Munich tó gbé e mì lọ́dún 1938. Ó ti gbé Schwabing mì lọ́dún 1890, ó gbé Perlach mì lọ́dún 1930. Lónìí, ọ̀nà 25 ni ìjọba pín Munich sí, Pasing àti Obermenzing sì ti di ọ̀kan náà nínú wọn. Ìwé ilẹ̀ ò tẹ̀ lé ìyẹn rárá. Pasing dúró ní Pasing, Obermenzing náà dúró láyè tirẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ò le. Inú Gemarkung kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń ka nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì. 512 lè wà ní Pasing, kí 512 mìíràn wà ní Schwabing, bí Ṣadé ṣe pọ̀ ní Ikorodu tó jẹ́ pé agboolé rẹ̀ lo máa bi kó o tó mọ èyí tí wọ́n ń wí. Tí o bá rí 512/3, wọ́n gé e lára 512 ni, ọmọ ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Níbòmíràn ní Jámánì, wọ́n tún máa ń pín Gemarkung sí ìpín kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Flur kí wọ́n tó kan pulọ́ọ̀tì.

Níbi tí mo ti ń wá èyí ni mo ti já sí ohun tí kò jẹ́ kí n sùn. Owó orí ilẹ̀ ló jẹ́ kí ìjọba Bavaria, agbègbè tí Munich wà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gbogbo ilẹ̀ wọn lọ́dún 1808. Ilé ìṣọ́ ìhà àríwá ti ṣọ́ọ̀ṣì Frauenkirche, láàárín Munich, ni wọ́n fi ṣe òdo, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka gbogbo ìwọ̀n. Tiwa náà ní irú rẹ̀: ojú ibi ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní L40 ní Minna, tí ìwé survey Ikorodu ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Orí òkúta ni àwọn ará Bavaria wá gbẹ́ àwòrán ilẹ̀ wọn sí, òkúta pẹlẹbẹ láti Solnhofen, wọ́n ń fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Òkúta tó lé ní 20,000 ṣì wà ní Munich, tí wọ́n tò sórí pẹpẹ bí ìwé. Èmi tí mò ń pàdánù fáìlì lórí kọ̀ǹpútà!

Ó mú mi rántí bàbá kan. Igbogbo ni wọ́n kọ sórí rìsíìtì tí ẹbí fún un. Ikorodu ló wà lórí ìwé survey rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, àdúgbò yẹn ti ń jẹ́ orúkọ estate. Ọ́fíìsì kan dá fáìlì rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta. Láti 2003 ni wọ́n ti yọ Igbogbo/Bayeku, Ijede, Imota àtàwọn yòókù lára ìjọba ìbílẹ̀ wa, ìwé ilẹ̀ sì ń sáré tẹ̀ lé orúkọ. Píílà, òpó kọnkéré tí awọnlẹ̀ ń rì sí igun ilẹ̀, ló gba bàbá náà. Mẹ́ta hàn gbangba, ẹ̀kẹrin wà lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá kan, àwọn ọmọ ń pa ẹ̀kùrọ́ lórí rẹ̀. Mo bu omi sí i, mo ń fi ìka tọ nọ́ńbà orí rẹ̀ bí afọ́jú. Mi ò mọ̀ bóyá 3 ló kẹ́yìn àbí 8. A wọ̀n ọ́n, 8 ni.

Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń pàṣẹ, orúkọ abúlé àtijọ́ ni ìwé ilẹ̀ á dì mú, kí àwọn olóṣèlú máa pín ìyókù bó ṣe wù wọ́n. Àmọ́ abúlé ta ni? Ìjà ìyẹn nìkan, ó tó ogún ọdún.

Wọ́n ti buwọ́ lùwé. Àbúrò mi ní nótárì ka gbogbo ìwé náà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òfin ló ní kó kà á bẹ́ẹ̀, oorun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Ní Sátidé tó kọjá, ó fi fídíò ránṣẹ́. Ó ń fi ọwọ́ tú koríko ní igun àgbàlá, títí orí òkúta ààlà kékeré kan fi yọ.

Mo ní kó má pa ẹ̀kùrọ́ lórí rẹ̀ o.