Ẹ Bi Wọ́n Nípa Ìtọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ físíò (fífi ìdárayá tọ́jú ara), mo ka àkọsílẹ̀ tí àwọn kan nínú yín kọ nípa àwọn tí ẹ̀yìn ń ro, inú mi ò sì dùn. Ẹ kọ ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ bó ṣe gba ẹsẹ̀ lọ, ẹ tilẹ̀ fi nọ́ńbà díwọ̀n rẹ̀. Kò síbi tí ẹ ti bèèrè nípa ìtọ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ́ yín.

Èkíní, ẹ má fi àwòrán inú ẹ̀yìn dẹ́rù ba aláìsàn. Àkójọ ìwádìí tó jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé nínú àwọn ọmọ 20 ọdún tí ẹ̀yìn kò ro rárá, dísìkì, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín àwọn eegun ẹ̀yìn, ti ń gbó lára àwọn bí 37 nínú 100 lórí àwòrán. Láàárín àwọn ẹni 80 ọdún, ó tó 96.

Èkejì, ìdùbúlẹ̀ kì í ṣe oògùn. Ẹni tó ń rìn tó ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba tètè ń bọ́ nínú ìrora ju ẹni tó sùn kalẹ̀ lọ. Kódà, dísìkì tó ti yọ sábà máa ń sún kì fúnra rẹ̀, ìrora ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn sì máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìsí iṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀kẹta kò ṣeé sọ ní gbólóhùn méjì.

Awakọ̀ akẹ́rù kan wà tí a ń tọ́jú. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀yìn ti ń ro ó, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni ìrora náà sì ń gbà. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó ní ó ti di ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo bi í bóyá ó ń tọ̀ dáadáa. Ó dorí kodò. Ó ní láti àná, òun á dúró títí kí ìtọ̀ tó wá, díẹ̀ náà ló sì ń wá. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní nígbà tí òun ń nùdí, òun kò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ ti kà á nílé ìwé pé mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí ibi eegun ìbàdí kìíní tàbí ìkejì. Àwọn iṣan tó ń gbé ìsọfúnni láàárín ọpọlọ àti ara, tó rọ̀ sísàlẹ̀ ibẹ̀ bí ìrù ẹṣin, ni à ń pè ní cauda equina. Àwọn ló ń darí ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ìbálòpọ̀, àwọn ló sì ń jẹ́ ká mọ ohun tó kan ibi tí a fi ń jókòó. Bí dísìkì ńlá bá yọ láàárín L4 àti L5 (eegun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún), tàbí L5 àti S1 (eegun àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ wọn), tó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, wákàtí là ń kà. Ẹni tó ṣì lè tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ tipátipá, ṣì ní ìrètí tó dára bí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹni tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ ti kún tí kò mọ̀, tó kàn ń jò sára, ti pẹ́.

Ẹni tó ṣì lè tọ̀ ni ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ tó wá.

Mo kọ ọ́ sínú fáìlì, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo pe dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní oògùn ìrora tó ń lò ló dá ìtọ̀ dúró. Àwọn oògùn kan lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ ìdí ọkùnrin náà wò, kò wọn ìtọ̀ tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ó fi í sórí ìlà MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, pẹ̀lú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò kánjú. Mo lọ bá ọ̀gá. Wọ́n ní físíò ni mí, kí n fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn dókítà.

Inú ṣì ń bí mi. Nígbà tí àwòrán fi máa jáde, ìtọ̀ ti ń jò sí i lára. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, ìrora lọ, ó ń rìn. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí a ń tì bọ àpò ìtọ̀ ló fi ń tọ̀ títí di òní, ó sì sọ fún mi pé òun kò lè ṣe ọkọ fún ìyàwó òun mọ́. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé ojú ń tì yín láti bi ẹni tó jù yín lọ. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ní láti bèèrè, kí ẹ sì bi wọ́n ní tààrà: “Ṣé ìtọ̀ ń wá bó ṣe ń wá tẹ́lẹ̀? Ṣé ẹ ń mọ̀ ọ́n bó bá ń bọ̀? Bí ẹ bá ń nùdí, ṣé ẹ ń mọ̀ ọ́n lára? Ṣé nǹkan yí padà nínú ìbálòpọ̀ yín?” Ẹ bi wọ́n nígbà gbogbo tí wọ́n bá wá, torí ìdáhùn àná lè yí padà lónìí. Ẹ sọ àwọn àmì náà fún wọn kí wọ́n tó lọ sílé, kí wọ́n lè sáré wá bí wọ́n bá rí i lóru. Bí ẹ bá pe dókítà, ẹ kọ aago tí ẹ pè é àti ohun tó sọ. Bó bá ní kò kánjú, ẹ pe ẹni tó ga jù ú lọ, kí ẹ kọ aago ìyẹn náà.