Fólítì Èwo Lẹ Wọ̀n? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Ìṣirò Ìdènà àti Agbára Iná

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ iná, ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ kò le. Ẹ fi áńpíà pín fólítì, ìdènà lẹ rí yẹn, ní óòmù. Ẹ sọ fólítì di púpọ̀ pẹ̀lú áńpíà, agbára lẹ rí, ní wáàtì. R = V ÷ I, P = V × I. Láti ọdún 1827 tí Georg Ohm, ọmọ Jámánì, ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde ni àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀. Nọ́ńbà tí a ń kó sínú rẹ̀ ló sábà máa ń bà á jẹ́.

V inú ìṣirò náà ni fólítì tó wà láàárín etí méjèèjì ohun tí ẹ ń ṣírò gan-an. Kì í ṣe ti bátìrì, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ mú LED pupa kan (iná kékeré inú ẹ̀rọ) tó ń gba bíi fólítì 2, kí ẹ fẹ́ tàn án láti orí fólítì 5 pẹ̀lú rẹsísítọ̀ kan (ohun kékeré tó ń dí iná lọ́wọ́), kí 15 mílíáńpíà, ìyẹn 0.015 áńpíà, máa gba inú wọn kọjá. Ẹni tó bá kánjú á fi 0.015 pín 5, á rí 333 óòmù. Fólítì 5 yẹn, LED àti rẹsísítọ̀ ni wọ́n jọ pín in. Fólítì 3 péré ló kan rẹsísítọ̀, nítorí náà 3 ÷ 0.015 = 200 óòmù. Tí ẹ bá fi 333 síbẹ̀, nǹkan kan ò ní jó, àmọ́ 9 mílíáńpíà ni yóò máa kọjá, iná á sì ṣe bàìbàì. Agbára tó ń jó nínú rẹsísítọ̀ 200 yẹn jẹ́ 3 × 0.015, ìyẹn 0.045 wáàtì. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìdá mẹ́rin wáàtì kan gbé e láìgbóná.

Àṣìṣe kejì ló ń jó nǹkan. Ẹni tó gbàgbé láti sọ mílíáńpíà di áńpíà á fi 15 pín 3, á rí 0.2 óòmù. Lójú ẹsẹ̀ ni LED náà á kú. Bí ìdáhùn yín bá fi ìlọ́po 1000 jìnnà sí ohun tí ẹ ń retí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ wọn fólítì nígbà tí iná ń ṣàn, kì í ṣe kí ẹ tó tan nǹkan náà. Bátìrì tó fi fólítì 12.6 hàn nígbà tí kò gbé ẹrù kankan (ohun tó ń lo iná rẹ̀) lè já sí 12.0 tí áńpíà 5 bá ń jáde. Ìdènà ẹrù náà jẹ́ 2.4 óòmù, agbára rẹ̀ 60 wáàtì. Ẹni tó lo 12.6 á sọ pé 63 ni. Wáàtì 3 tó ṣẹ́kù kò dé ibi ẹrù rárá. Inú bátìrì ló ti di ooru, torí òun náà ní ìdènà tirẹ̀, 0.6 ÷ 5 = 0.12 óòmù.

Ní ti mítà, wáyà là ń já kí áńpíà lè gba inú mítà kọjá, ṣùgbọ́n etí méjèèjì là ń fọwọ́ kàn láti wọn fólítì. Ẹni tó wọn áńpíà tán, tí kò yọ wáyà mítà kúrò ní ihò áńpíà, tó wá lọ fi kan etí iná méjèèjì, ó ti so iná pọ̀ mọ́ra nìyẹn. Fúùsì mítà á gé, bí ó bá jẹ́ iná ilé ó lè bú lọ́wọ́ rẹ̀. Fún iná ilé, mítà tó ń fi ẹnu gbá wáyà mú ló dára jù, kò sídìí láti já ohunkóhun.

Ẹ má sì bẹ̀rù bí mítà óòmù bá ta ko ìṣirò yín. Gílóòbù oníwáyà 60 wáàtì lórí fólítì 230 ń gba bíi áńpíà 0.26, ìdènà rẹ̀ sì ń lọ sí bíi 880 óòmù. Tí ẹ bá yọ ọ́, tó tutù, tí ẹ wá wọ̀n ọ́n, kò ní tó 100. Kò bàjẹ́ o. Wáyà tungsten inú rẹ̀ ni ìdènà rẹ̀ ń pọ̀ sí i bó ṣe ń gbóná. Ti kẹ́tù tí a fi ń se omi ò rí bẹ́ẹ̀: 2000 wáàtì lórí 230, bíi 26 óòmù ni, tútù tàbí gbígbóná. Ṣùgbọ́n bí fólítì rẹ̀ bá já sí 115, wáàtì 500 lẹ máa rí, kì í ṣe 1000, torí áńpíà náà já sí ìdajì.

Bákan náà ni ooru wáyà ṣe ń gùn. Ojú ìdè kan tó tú díẹ̀, tó ní 0.1 óòmù, á jó wáàtì 10 nígbà tí áńpíà 10 ń kọjá. Ẹ sọ áńpíà náà di 20, wáàtì á di 40, ike tó bò ó á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Mọ́tò iná ilé nìkan ni kí ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Fólítì 230 àti áńpíà 5 ń fún wa ní 1150, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe wáàtì. Bí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní power factor (ìdá tó ń di agbára gidi nínú iye yẹn), tí wọ́n kọ sára rẹ̀, bá jẹ́ 0.8, wáàtì 920 ló ń jẹ. Ẹ ò sì lè fi áńpíà pín fólítì kí ẹ pe ìdáhùn ní ìdènà wáyà inú rẹ̀. Ẹ pa iná, ẹ yọ mọ́tò kúrò lójú iná, kí ẹ fi mítà óòmù wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fi etí wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ yọ iye tó bá fi hàn kúrò nínú èsì yín.