Ọdẹ wo nínú ọdẹ?

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ fún Bàbá Èrúwà, ọdẹ òru nílé, pé kámẹ́rà tí mo so mọ́gi nínú igbó ló ń fi fọ́tò ẹran ránṣẹ́ sí fóònù mi. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, wọ́n rò pé fóònù ti kú ni. Kò tíì kú. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n: "Ó ní kámẹ́rà ló ń bá òun ṣọ́gbó. A jẹ́ pé ọdẹ ẹnu géètì ni." Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Iṣẹ́ rí bó ṣe máa ń rí. Òtútù mú. Ẹ̀bà àná ni mo jẹ.

Ọdẹ ẹnu géètì. Ṣé irọ́ ni wọ́n wá pa? Aago 10:40 àárọ̀ ni fóònù gbọ̀n lápò mi níbi iṣẹ́, mo yọ ọ́ wò: Baálẹ̀, akọ àgbọ̀nrín tí mò ń ṣọ́! Ní ojúmọmọ! Ọrùn ti wú kìtìkìtì, ó na imú síwájú, ẹnu là sílẹ̀, ìrù abo tó ń lé ló kù ní etí fọ́tò. Èmi sì rèé, mo ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Láti Oṣù Kẹsàn-án, òru nìkan ló ń yọjú sí mi. 2:14. 3:50. Ojú méjì tó funfun báláú. Òfin Ohio, ìpínlẹ̀ tí mo wà ní Amẹ́ríkà, ò sì gbà kí a ta ọfà lu àgbọ̀nrín lóru: ààbọ̀ wákàtí kí oòrùn tó yọ, títí di ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀, ó parí. Aago méjì òru tí Baálẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn, wákàtí iṣẹ́ Bàbá Èrúwà gan-an nìyẹn, tiná-tiná lórí. Iná yẹn, ẹjọ́ ni níbí. Mo gba ohùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ṣàlàyé fún wọn, mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Kámẹ́rà kúkú kì í pẹran. Ibi tó ti kọjá ló mọ̀. Lásìkò tí wọ́n ń gùn yìí, akọ ti gbàgbé ọ̀nà ara rẹ̀, abo ló ń tọ̀ lẹ́yìn. Ojú ibi tó ń fi pátákò ha, tó ń da ìtọ̀ sí, ewé ti bò ó. Ìdí tí mo fi tú kámẹ́rà ibẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ so ó síbi tí àwọn abo ti ń jẹ èso óákù. Ta ló ro ìyẹn? Ṣé ẹ̀rọ ni? (N kò bú àwọn tó ń ṣọ́lé o. Bọ̀dá mi ṣe é ní Ìkẹjà fọ́dún mẹ́rin.)

Àmọ́ ìpínlẹ̀ Arizona ti fòfin de kámẹ́rà fún ọdẹ láti 2022. Kí ló dé tí ìyẹn ń wá sọ́kàn mi lónìí…

Bàbá máa ń fi ìka kan ojú ẹsẹ̀ ẹran, wọ́n á gbọ́ òórùn ìka náà, wọ́n á ní, "Kò tíì jìnnà." N kò kan ilẹ̀ rí. Mo mọ ìṣẹ́jú tó kọjá.

Mo ti gbàyè fún ọ̀la. Afẹ́fẹ́ á ti ìwọ̀ oòrùn wá, igi kejì ni màá gùn. Màá fi fóònù sílé. Ó dáa, màá pa á sápò.

Ó tún ti gbọ̀n. Ọ̀kẹ́rẹ́.