Ọjà Hawes ní ọjọ́ Túsìdeè, àti kókó òwú tó fẹ́ ba tiwa jẹ́

Owó ló kọ́kọ́ bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ń ta ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ méjì ní pọ́n-ùn 22. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, mo ní, "Àǹtí, ṣé ìbọ̀sẹ̀ yẹn láá máa gbé èèyàn rìn ni, àbí ẹni tó rà á ṣì máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn?" Wọ́n ní òpònú ni mí, pé kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí n tó la ẹnu. Bí mo ṣe gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, tí mo forí lé apá àríwá Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àǹtí mi ṣe nọ́ọ̀sì ní Leeds títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kọ́lé sí Ìjẹ̀bú, àwọn kó lọ sí abúlé kan nítòsí ìlú kékeré Hawes, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ẹ má bi mí nídìí.

Láti Leeds, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Carlisle lẹ máa wọ̀, kí ẹ sọ̀ ní Garsdale. Tìkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ́n, n ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà yẹn tó owó ẹ̀. Ẹ jókòó sẹ́bàá fèrèsé kí ẹ lè rí afárá òkúta Ribblehead, tó ní ojú 24. Láti ọdún 1876 ni èrò ti ń gba ọ̀nà yìí. Ní àwọn ọdún 1980 ìjọba fẹ́ tì í pa, àwọn ará ibẹ̀ bá kọ̀wé ìtakò jọ, ajá kan tó ń jẹ́ Ruswarp náà sì tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ síwèé, torí òun náà ń sanwó ọkọ̀. Wọ́n kà á mọ́ àwọn tó fọwọ́ sí i! Ní 1989, ìjọba ní àwọn ò tì í mọ́. Ère ajá náà wà ní ibùdókọ̀ Garsdale, mo sì bá a ya fọ́tò. Ibi tí fọ́tò ti parí ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀: atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́ ṣí aṣọ lára èèyàn, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti máa ra tíì gbígbóná, Hawes ṣì tó máìlì 6 níwájú. Ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé èrò lọ síbẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé o, torí takisí kì í dúró de èèyàn níbẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo dé ni Àǹtí gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń hun ìbọ̀sẹ̀ jáde. Ara tábìlì ni wọ́n ń dè é mọ́, bí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀wà àkàrà nílé nígbà tí kò bá sí iná, ó sì ní ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí èèyàn á máa yí. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, òórùn epo ń jáde lára rẹ̀. Àárín ni sílíńdà wà. Abẹ́rẹ́ 72 dúró yí i ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìkọ́ lórí àti ahọ́n irin tíńtínní tó ń ṣí tó ń pa dé. Bí ẹ bá ti ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ á gòkè, ahọ́n á ṣí, ìkọ́ á gbá òwú tuntun mú, abẹ́rẹ́ á sọ̀kalẹ̀, ahọ́n á pa dé, á fà á gba inú ojú òwú tó ti wà lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kan abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ ni yóò máa dún. Nísàlẹ̀, irin wúwo kan tí wọ́n fi kọ́ ìdí ìbọ̀sẹ̀ ló ń fà á wálẹ̀ bó ṣe ń gùn.

Mo yí i fún ìgbà díẹ̀, ibi ojúgun ti jáde tán. Mo ní, "Háà, Àǹtí, èyí náà lẹ ń gba pọ́n-ùn 22 lé lórí?" Wọ́n ò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ó kan gìgísẹ̀. Máa bọ̀."

Ẹ̀yin ará, gìgísẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń dá iṣẹ́ dá èèyàn. Ẹ ó ti abẹ́rẹ́ 36 sókè kí wọ́n má ṣiṣẹ́, ìdajì tó kù lẹ ó fi máa hun, ẹ ò sì ní yí i po mọ́. Ẹ ó yí i lọ, ẹ ó yí i bọ̀. Bí ó bá lọ, ẹ ó ti abẹ́rẹ́ kan sókè. Bí ó bá bọ̀, ẹ ó ti òmíràn, títí yóò fi ku bí 12. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá máa dá wọn padà síṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ òsì ò gbọdọ̀ fi ìbọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, torí bí kò bá fà dáadáa níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, ojú òwú á fò, ihò á sì yọ sí gìgísẹ̀. Ibi ọmọ ìka ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ tún yọ ọ́ lórí ẹ̀rọ tán, iwájú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀: ojú òwú 36 lókè, 36 nísàlẹ̀, tí ẹ ó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ojú ìrán má bàa hàn. Orúkọ Kitchener, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ni wọ́n fi ń pe irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun yẹn, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun ń jẹrà nínú kòtò olómi tí wọ́n ń gbé, irú ẹ̀rọ yìí sì wà lára ohun tí àwọn obìnrin fi ń hun ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Lẹ́yìn ogun, àwọn oníṣòwò kan lọ ń polówó fún àwọn ìyàwó ilé pé: ẹ ra ẹ̀rọ, ẹ hun ìbọ̀sẹ̀, àwa la ó rà á padà lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ rà á, wọ́n hun ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́, àwọn oníṣòwò náà dá a padà fún wọn pé kò dáa tó. Gbájú-ẹ̀ ti pẹ́ láyé.

Ó ti di òru kí n tó ran ẹsẹ̀ kan tán. N ò bínú sí pọ́n-ùn 22 mọ́. Ohun tí mo wá ń bínú sí ni pé Àǹtí ò fowó lé e.

Túsìdeè ni wọ́n ń ná ọjà Hawes, ẹ̀gbẹ́ títì ni ọ̀pọ̀ ń pàtẹ sí. Òjò wínniwínni ń rọ̀, atẹ́gùn ń jà, a fi okùn de ìbòrí ìsọ̀ wa síbí, ó ń tú lọ́hùn-ún. Oníbàárà tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn tó ń rin ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pennine Way, máìlì 268 tó gba àárín ìlú yìí kọjá. Ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń tiro bọ̀, ìbọ̀sẹ̀ olówó pọ́ọ́kú ti ro wọ́n lẹ́sẹ̀, wọn kì í ná ọjà rárá. Wúùlù lè fa omi tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀ kí ara tó mọ̀ pé omi wà níbẹ̀. Ti Àǹtí jẹ́ wúùlù ìdá 75 nínú 100, náílọ́ọ̀nù 25, kí ibi gìgísẹ̀ má bàa tètè lu. Èyí tí mo kórìíra ni àwọn tó ń fọwọ́ pa gbogbo ìbọ̀sẹ̀ lórí tábìlì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí wọ́n á sì ní àwọn kàn ń wò ó ni. Obìnrin kan ń jẹ ọ̀dùnkún díndín lọ́wọ́ bó ṣe ń pa wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo la ojú mọ́ ọn, Àǹtí tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Bàbá kan wá dé, fìlà rẹ̀ dáa ju ìwà rẹ̀ lọ. Ó wo ẹ̀rọ tí a dè mọ́ tábìlì, ó wo iye tí a kọ síwájú, ó sì pariwo kí gbogbo ìsọ̀ lè gbọ́ pé ẹ̀rọ ló kúkú ń hun ún, kí ló wá sọ ọ́ di ọ̀wọ́n? Àǹtí rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí nọ́ọ̀sì máa ń rín kó tó gún yín lábẹ́rẹ́. Wọ́n ní kó wá yí i wò fúnra rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ kan wà lórí ẹ̀rọ tó ti kọjá gìgísẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ló kù. Bàbá di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i tipátipá.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí kókó náà bó ṣe ń gòkè bọ̀ láti inú òwú. N ò tíì lanu tán tó fi há sí ojú ihò tí òwú ń gbà wọlé. Òwú já. Abẹ́rẹ́ ń gòkè, wọn ò rí nǹkan kan gbá mú, ojú òwú sì ń bọ́ lórí wọn yíká, ó ń bọ́, ó ń bọ́, bàbá ṣì ń yí i. Irin ìdí rẹ̀ bá fa gbogbo ẹ̀ lulẹ̀, gbì, sínú ẹrẹ̀.

Gbogbo ìsọ̀ dákẹ́. Ojú bàbá pọ́n ju ata lọ́jà. Àǹtí fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé kò sí ìyọnu, wọ́n wá fi Yorùbá sọ fún mi pé, "Ọlọ́run á bá mi bi oníwúùlù yẹn."

Ẹ̀bi bàbá kọ́, mo gbà. Ẹni tó ta òwú náà, tí n ò ní dárúkọ, ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òwú ẹ̀rọ ni, ó ń lọ geere látòkè délẹ̀. A tú u díẹ̀ síwájú níbẹ̀, kókó tún nìyẹn. A tún tú u, òmíràn. Ó ti so ìṣẹ́kù pọ̀ mọ́ ìṣẹ́kù, ó sì gba owó odindi lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ tún gbogbo òwú yín ká kí ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ, kí ó máa gba àárín ìka yín kọjá. Ọwọ́ á mọ kókó kí abẹ́rẹ́ tó mọ̀ ọ́n.

Èmi ni, ǹ bá ju ìbọ̀sẹ̀ yẹn nù kí n sì máa lọ sílé. Àǹtí fa ìjókòó, wọ́n nu ẹrẹ̀ kúrò, wọ́n fi gíláàsì sójú, wọ́n sì mú ìkọ́ kékeré kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ojú òwú padà sórí abẹ́rẹ́ ní ìkọ̀ọ̀kan. Ojú òwú 72. Èyí tó bá ti tú lọ sísàlẹ̀, wọ́n á fi ìkọ́ gùn ún padà ní ipele-ipele. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n. Àwọn ọmọdé tó ń kọjá dúró, ìyá wọn dúró, ẹni tó ń ta ẹyin lápá ọ̀tún fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ wá wò ó. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, àwọn ọmọ bá a gbè é. Bàbá onífìlà ò lè lọ, kò sì lè dúró dáadáa. Nígbà tí wọ́n so òwú tuntun tí wọ́n sì yí ẹ̀rọ, tí ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá mú ìbọ̀sẹ̀ fún ara rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, ó ka pọ́n-ùn 44 sílẹ̀, kò bi wá ní ọ̀rọ̀ kan.

Ibi tí ọjà ti là nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún sọ pé ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ ta iṣẹ́ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ibi tó ti nira, ẹ má fi yíyí geere nìkan hàn wọ́n.

Nǹkan kan náà ló wá bà mí lójú jẹ́, tí mo sì gbádùn rẹ̀: tọkọtaya kan láti Bradford gbọ́ tí a ń sọ Yorùbá, ọkọ bú sẹ́rìn-ín, "Ẹ̀yin ará ilé! Ẹ kú ọjà o!" A kí ara wa, a béèrè ìlú, a bá a débi pé ó mọ ẹ̀gbọ́n ẹnì kan tí Àǹtí mọ̀. Ó wá gbé ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká san mẹ́wàá." Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú wa rí! Àǹtí ní, "Ọmọ mi, gìgísẹ̀ kan ò jẹ́ mẹ́wàá." Ìyàwó rẹ̀ fún un nígbòóǹwọ́, ó san 22. Àǹtí fi ènì lé e: òwú aláwọ̀ kan náà tí wọ́n ká sórí páálí, kí wọ́n fi tún un ṣe bó bá lu. Wọ́n ní kí ó má fi omi gbóná fọ̀ ọ́, kó má sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, àfi bó bá ń wá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun.

Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání bí ẹ bá ń lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ń wá ó ń lọ, ẹ̀rọ tí a fi ń gba owó káàdì kọṣẹ́ lọ́sàn-án gangan, àwọn oníbàárà méjì ní àwọn ń lọ gba owó wá, a ò rí wọn mọ́. Ẹ jẹ ṣíìsì Wensleydale pẹ̀lú kéèkì eléso bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni, àṣé ó dùn. Mo gbìyànjú láti ná oníṣíìsì, ó wò mí bí ẹni pé mo sọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu ìsìnkú.

Àǹtí ti kọ̀wé sí oníwúùlù, wọ́n fi fọ́tò gbogbo kókó yẹn ránṣẹ́. Ó fèsì pé àwọn kì í gba òwú tí wọ́n bá ti tú padà. Mo bi í bó ṣe fẹ́ kí èèyàn rí kókó láì tú òwú. Kò tíì dáhùn.