Igbó Òṣun lọ́jọ́ tí kò sí ọdún

Oṣù Kẹjọ, oṣù ọdún Òṣun, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ Òṣogbo. Lọ́jọ́ tí arugbá bá ń gbé igbá lọ sódò, èrò á kún títí ẹsẹ̀ ò fi ní ríbi tẹ̀, ìlù á máa dún ní gbogbo ìkángun, fóònù á sì wà lókè bí ẹni ń jọ́sìn fún un. Ẹni tó bá lọ lọ́jọ́ yẹn rí ọdún, kò rí igbó. Igbó gan-an, ọjọ́ lásán ló dáa láti lọ wò ó: ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, ní kùtùkùtù, nígbà tí ìrì ò tíì gbẹ lára ewé tí ìró odò sì ń dún kí ẹ tó fojú kàn án.

Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, létí ìlú, odò Òṣun sì ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ gba inú rẹ̀ kọjá. Lọ́dún 1965 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ fi òfin dáàbò bò ó, wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ lọ́dún 1992, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì kà á mọ́ àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Ẹ má retí aginjù tí èèyàn lè sọnù sí o. Ohun tó jẹ́ kó ṣọ̀wọ́n ni pé igbó òrìṣà wà lẹ́yìn odi gbogbo ìlú Yorùbá tẹ́lẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti di ilé, di ṣọ́ọ̀bù, di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ti Òṣogbo ló ṣì dúró gbọin.

Láti Ìbàdàn, ìdíkọ̀ Ìwó Road lẹ ó ti wọ mọ́tò. Ọ̀nà méjì ló wà: ọ̀kan gba Ìwó, ìkejì gba Ìkirè àti Gbọ̀ngán kó tó já sí Ẹdẹ. Ẹ bi dẹ́rẹ́bà kí ẹ tó jókòó, nítorí bí ọ̀nà kan bá bàjẹ́ lẹ́yìn òjò, ó lè jẹ yín ní wákàtí kan gbáko. Bí mọ́tò bá gbéra kí aago mẹ́fà àbọ̀ tó lù, ẹ ó débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó, ẹ sun Ìbàdàn tàbí Òṣogbo mọ́jú. Lílọ àti bíbọ̀ lóòjọ́ láti Èkó ìyà ni, ojú ọ̀nà lẹ ó ti lo ọjọ́ náà tán.

Tí ẹ bá dé Òṣogbo, ẹ má sọ fún ọlọ́kadà pé “Òṣun” lẹ̀ ń lọ. Orúkọ ìpínlẹ̀ ni, orúkọ odò ni, orúkọ òrìṣà ni, ó sì lè gbé yín lọ síwájú ilé iṣẹ́ ìjọba. “Ojúbọ Òṣun” ni kí ẹ sọ, kí ẹ sì fẹnu kò lórí owó kí ẹ tó gun ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Lẹ́nu géètì lẹ ó ti san owó ìwọlé. Ẹ kó owó tó ti ṣẹ́ dání, torí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, kò sẹ́ni tó máa dúró de báńkì yín. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ béèrè níbẹ̀ bóyá owó kámẹ́rà yàtọ̀. Wàhálà tó máa ń ṣẹlẹ̀ jù nibẹ̀ ni kí èèyàn ya fọ́tò tán kí wọ́n tó wá sọ pé owó rẹ̀ ò sí nínú èyí tó san. Ẹ gba afinimọ̀nà kan, kí ẹ sì fún un lówó níparí. Ọ̀pọ̀ ère tó wà nínú igbó ni kò sí àkọlé lára wọn, ẹni tí kò bá ní afinimọ̀nà á kàn máa wo sìmẹ́ǹtì ni.

Bàtà ni ẹ̀kọ́ kìíní. Sálúbàtà ò dáa. Ewé tó ti jẹrà ló tẹ́ ojú ọ̀nà ẹsẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ amọ̀ pupa tó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sódò ni èèyàn ti máa ń yọ̀ ṣubú, kì í ṣe orí àtẹ̀gùn. Bàtà kànfáàsì tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín ló yẹ, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, torí ẹ̀fọn létí omi kì í bèèrè ọ̀sán tàbí òru. Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kìíní ló dáa jù: òjò ti dáwọ́ dúró, ilẹ̀ ti gbẹ, ewé ò sì tíì re tán. Láti Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án, omi máa ń kún, ọ̀nà mìíràn létí odò á sì dí.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ọ̀bọ. Wọ́n wà níbẹ̀, wọn ò sì bẹ̀rù èèyàn mọ́, nítorí àlejò ló ń fún wọn ní ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìró ọ̀rá nìkan tó fún wọn láti mọ̀ pé oúnjẹ dé. Ẹ fi gbogbo ohun jíjẹ sínú báàgì tó ní síìpù, kí ẹ má mú un dání. Tí ọ̀bọ bá ti di nǹkan mú, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá fà á padà ló ń gba ìgéjẹ.

Ẹ rìn díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá wọ abẹ́ igi gíga, ẹ ó mọ̀ lára pé òòrùn ti kù sẹ́yìn: ewé ti pa dé bí òrùlé, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ sílẹ̀ ò ju ojú ihò lọ. Ìtákùn á máa rọ̀ láti òkè bí okùn àgbàlá. Àwọn igi àgbà ní gbòǹgbò tó là jáde bí ògiri, nítorí erùpẹ̀ tó lọ́ràá ò jìn lábẹ́ wọn. Dípò kí gbòǹgbò wọlẹ̀ lọ, ńṣe ló tẹ́ sí ìta láti gbé wọn ró. Tí ẹ bá rí igi tíkì tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ọmọ iléèwé, ẹ má ka ìyẹn mọ́ igbó. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni ẹ̀ka ìjọba kan gbìn tíkì síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń gé igi, tí wọ́n ń pẹja, tí àwọn míì sì ti fẹ́ máa ta ilẹ̀ náà.

Ohun tó dá ìgékugè náà dúró kò ṣeé sọ láì dárúkọ Susanne Wenger, ọmọ Austria tí ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Ọdún 1915 ni wọ́n bí i, ó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, wọ́n fi í jẹ olórìṣà, ó sì gbé Òṣogbo títí ó fi kú lọ́dún 2009. Òun pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ló tún àwọn ojúbọ tó ń wó mọ, tí wọ́n sì kọ́ ère ńláńlá sínú igbó láti fi ṣọ́ ọ. Ẹni tó fẹ́ gé igi á kọ́kọ́ pàdé ojú òrìṣà. Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì ṣe ògiri àti géètì, Buraimoh Gbadamosi gbẹ́ òkúta, Kasali Akangbe gbẹ́ igi.

Ẹ sún mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ère náà, ẹ wò ó dáadáa láì fọwọ́ kàn án. Irin ló wà nínú, amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ló bò ó. Omi òjò á wọ ibi tí ó bá ti sán, irin á dípẹtà, ìpẹtà á wú, á sì ti sìmẹ́ǹtì jáde gẹ́lẹ́ bí àkàrà tó bẹ́. Gbòǹgbò náà ń wọ ibẹ̀, ikán ń jẹ igi tó wà lórí òrùlé. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ jókòó lé ẹsẹ̀ ère ya fọ́tò ń ba nǹkan jẹ́ gidi ni. Ìlédì Ọ̀ntótóo, ilé ìpàdé àwọn Ògbóni, ni kí ẹ dúró pẹ́ níwájú rẹ̀ jù: òrùlé mẹ́ta ló là sókè bí alángbá tó gbé orí sókè, ìkan ò kọjú sí ibi tí ìkejì kọjú sí. Ère Ìyá Mọ̀ọ́pó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, náà, tí apá rẹ̀ pọ̀ tó nà jáde, kò ṣeé yà tán nínú fóònù. Ẹ jẹ́ kí ojú wò ó.

Nísàlẹ̀, ẹ ó dé ojúbọ àgbà, níbi tí wọ́n ní ààfin àkọ́kọ́ wà. Ìtàn ibẹ̀ ni pé Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ wá omi débẹ̀, igi tí wọ́n gé wó sínú odò, ohùn sì dáhùn láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Òkúta tí wọ́n ní Láròóyè jókòó lé wà níbẹ̀ títí di òní, Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, sì ń jókòó lé e lọ́jọ́ ọdún. Tí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ. Tí ẹ bá bá olórìṣà níbi tó ti ń wúre, ẹ kí i, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bí ẹ ṣe máa ṣe fún àgbà, kí ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Àyè ò sí, ẹ gbé e sápò.

Omi odò náà ńkọ́? Àwọn èèyàn ń pọn ọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn kan ń mu ún. Ẹ má mu ún. Ó ti ń ṣe bí omi ìkòkò amọ̀ láti ọdún mélòó kan, nítorí àwọn tó ń wa wúrà lókè odò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń da erùpẹ̀ sínú rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ti kìlọ̀ fún àwọn olódún pé kí wọ́n má mu ún. Ẹni tó fẹ́ fi bójú nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ìyẹn ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Omi mímu, ẹ gbé e láti ilé, ìgò méjì fún ẹnì kan.

Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí méjì, ẹ jáde. Ẹni tó sáré, ìṣẹ́jú 40 ló máa lò, kò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ wá iyán tàbí àmàlà jẹ nílùú, kí ẹ wá lọ sí ilé Àdùnní ní òpópónà Ìbòkun: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní àrà àwọn tó ti Bùràsíìlì dé. Ẹ béèrè kí ẹ tó gòkè, ilé tí èèyàn ń gbé ni.

Àwọn kan máa ń fẹ́ fi omi Olúmirìn tó ń já bọ́ látòkè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà kún un lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpele méje ni omi yẹn, gígun rẹ̀ gba agbára, ẹ ò sì ní gbádùn ìkankan nínú méjèèjì. Òṣogbo ìlú aró ni, ẹ lo ọ̀sán fún aró.

Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni kí ẹ wò bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tí ẹ bá bá wọn nídìí rẹ̀. Wọ́n á fi láfún ro ẹ̀kọ, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ ya àrà sára aṣọ funfun, wọ́n á sá a kó gbẹ, lẹ́yìn náà wọ́n á rì í sínú aró ẹ̀lú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró ò ní mú un. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà: aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo. Ẹ yí aṣọ sódì. Adìrẹ gidi á ní àwọ̀ lẹ́yìn náà. Ti ẹ̀rọ á ràn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi ìka tí ẹ fi omi sí fọwọ́ kan etí rẹ̀: tí aró bá rá mọ́ ọwọ́ díẹ̀, ẹ̀lú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò ṣẹ̀ yín, àmọ́ ìyẹn nìkan ò tó ẹ̀rí.

Ẹ kúrò ní Òṣogbo kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín láàárín igbó àti kòtò ojú ọ̀nà. Kí ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ wé adìrẹ náà sínú ọ̀rá dúdú kó tó wọ báàgì. Tí òógùn bá kàn án, aró á yọ sí aṣọ funfun tí ẹ wọ̀ lọ sójúbọ.