Ẹ Kú Ìjókòó, Sà

Àparò ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbin àgbàdo sí oko mi n'Ìrè-Èkìtì lọ́dún yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì làparò hú u jẹ kó tó yọ ewé. Mo ri ọmọlangidi mọ́lẹ̀ láàárín oko, wọ́n ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń fi fóònù pa ìbínú rẹ́, mo rí fídíò ajá òyìnbó kan. Ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní grouse ló ń wá. Ìbátan àparò wa ni, àmọ́ òtútù ọ̀dọ̀ wọn jẹ́ kí ìyẹ́ bò ó dé ẹsẹ̀. Ajá ń sáré nínú igbó, ṣaworo ń ró lọ́rùn rẹ̀. Lójijì, ṣaworo dákẹ́. Ajá ti gbóòórùn ẹyẹ: imú síwájú, ìrù nà gbọnrangandan, ẹsẹ̀ iwájú kan ká sókè. Kò gbó, kò sì fò mọ́ ọn. Ọdẹ ló máa rìn wọlé lọ lé ẹyẹ dìde, ìgbà tó bá fò tán ni wọ́n tó ń yìnbọn. Ẹni tó bá yìnbọn fún ẹyẹ tó ṣì wà nílẹ̀, aláìlójútì ni lójú wọn.

Mo sáré lọ ròyìn fún Bàbá Ọdẹ. Mo ní òyìnbó mà ń fi irú ajá yìí díje, pé England ti bẹ̀rẹ̀ ní 1865, Amẹ́ríkà sì tẹ̀lé wọn ní 1874.

"1874?" Wọ́n ka ìka. "Ó ku ọdún mẹ́ta kí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ń kó wa léwúrẹ́ jẹ, òyìnbó ń fi ajá ṣeré!"

Síbẹ̀, wọ́n ní bí ajá mi bá mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn á gbé ṣakabùlà wá.

Ajá mi, Tanímọ̀la, kò ní iṣẹ́ méjì ju kó sùn sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lọ. Mo so ìyẹ́ àparò mọ́ okùn, mo so okùn mọ́ ọ̀pá oparun, mo ń jù ú kiri àgbàlá. "Dúró!" ni mo fi ń dá a dúró, àfi tí mo bá ní "Ó yá!" kó tó lè mira. Ìyàwó mi ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọkọ òun ń pẹja lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn aládùúgbò ò tilẹ̀ wo ti ẹ̀kọ́. Ìlú Ògún Onírè la wà. Ẹni tó bá ń bọ́ ajá dáadáa níbẹ̀, wọ́n ti mọ ohun tó ń bọ́ ọ fún. "Ó ti ń sanra o," ni wọ́n ń wí. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Oṣù méjì kọjá. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ìrì ò tíì gbẹ, àwa mẹ́ta gba ẹ̀bá ààlà lọ. Woro, woro, woro. Ṣaworo dákẹ́.

Ẹ wá wo Tanímọ̀la! Ìrù gbọnrangandan, ẹsẹ̀ kan lókè, bíi ti inú fídíò gẹ́lẹ́. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Koríko iwájú rẹ̀ mì díẹ̀. Bàbá Ọdẹ gbé ìbọn sójú.

"Rárá o! Ó gbọ́dọ̀ fò ná."

Mo rìn wọlé bí òyìnbó, mo fi ẹsẹ̀ ya koríko.

Kò fò. Bàbá ìyàwó mi ni. Wọ́n lóṣòó, ṣòkòtò wọn wà lọ́rùn ẹsẹ̀, ewé wà lọ́wọ́ wọn.

Yorùbá ní ìkíni fún onílù, fún aláró, fún ẹni tó ń dirun. Ti ibi tí mo wà yìí, kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ara mi ti dọ̀bálẹ̀ sínú ìrì kí orí mi tó gbọ́ sí i, ẹnu mi sì yan èyí tó rí:

"Ẹ kú ìjókòó, sà."

Wọn ò dáhùn. Wọ́n fi ètè júwe ẹ̀yìn mi. "Kí ni ajá yẹn ń wò?"

Tanímọ̀la ò ṣẹ́jú. Ohun tí mo kọ́ ọ ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbé e kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ni "Ó yá!" Ẹ sọ fún mi, ta ló máa kígbe "Ó yá!" níwájú àna rẹ̀ tó lóṣòó, tí wọ́n á sì gbà pé ajá ló ń bá wí?

Mo dákẹ́. Ajá dákẹ́. Nígbà tó sú bàbá, wọ́n gbá ṣòkòtò mú, wọ́n fìbínú dìde, àparò mẹ́fà sì fò pẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn gan-an! Ajá ò parọ́ rárá. Mo bojú wẹ̀yìn kí n pe ìbọn: Bàbá Ọdẹ ti na gbalaja sílẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rín yí nínú koríko, ṣakabùlà wà lọ́tọ̀.

Títí dòní, bí mo bá fìdí kan àga nílé, ìyàwó mi á ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà." Àna mi kò mẹ́nu bà á rí. Àmọ́ bí ọdún Ògún bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á rán ọmọ sí mi pé kí n bá àwọn kí ajá, ṣé ó ti sanra.