Kí Ó Tó Gbẹ, Ẹ Gbẹ́ Ẹ: Ife Ẹlẹ́sẹ̀ Láti Ara Igi Tútù

Igi tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Gbàrà tí gọ́ọ̀jì, irin oníkòtò tí a fi ń gbẹ́ igi lórí léètì (ẹ̀rọ tó ń yí igi), bá ti ṣí èèpo lára rẹ̀ ni omi inú rẹ̀ ti ń bá afẹ́fẹ́ lọ, bí omi sì ṣe ń lọ ni igi ń súnkì. Ẹni tó gbẹ́ ẹnu ife tán, tó wá lọ jẹun, yóò padà bá a pé ẹnu tó rí róbótó lẹ́ẹ̀kan ti ń rí bí ẹyin. Bó bá tún gbé irin lé e, ibi tó yọ síta nìkan ni irin yóò máa bà, ibi tó wọlé kò ní kàn án rárá. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi jẹ́ iṣẹ́ ètò: ohun tí a kọ́kọ́ gé, ohun tó tẹ̀lé e, àti ibi tí a kò gbọ́dọ̀ padà sí mọ́.

Ó yẹ ká mọ bí igi ṣe ń súnkì, torí òun ló ń pàṣẹ gbogbo ohun tó kù. Bí igi tútù bá gbẹ tán, ní ọ̀pọ̀ irú igi, ó máa ń súnkì ní nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 yípo òrùka inú rẹ̀, àti nǹkan bí ìdá 4 láti mùdùnmúdùn (àárín rírọ̀ igi) sí èèpo. Ní gígùn, kò tó ìdá 1 rárá. Ẹ wo odindi ìtì igi tó gbẹ sílẹ̀: etí rẹ̀ fẹ́ fún mọ́ra, àárín rẹ̀ kò gbà, ó bá là. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbẹ́ àárín yẹn kúrò, tó jẹ́ ògiri tínrín ló kù, kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́ mọ́. Ẹnu ife á kàn kéré sí i díẹ̀, á sì gbẹ láìlà. Bí mùdùnmúdùn bá wà ní àárín gbùngbùn, ife á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó bó ṣe wà. Bó bá jẹ́ ara ìtì tí a là sí méjì la ti gé e, tí mùdùnmúdùn kò sí nínú rẹ̀, bí ẹyin ló máa rí, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ka tó dúró ṣánṣán ni kí ẹ wá. Ẹ̀ka tó na ara síta ti ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé ẹrù ara rẹ̀, mùdùnmúdùn rẹ̀ ti sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó bá sì gbẹ, ẹsẹ̀ ife á wọ́ bí ìwọ̀. Kí ẹ̀ka náà fẹ̀ tó mìlímítà 70 sí 80, kí ibi tí ẹsẹ̀ ife máa bọ́ sí má ní kókó, kí mùdùnmúdùn má sì ju mìlímítà 2 lọ, torí àárín ẹsẹ̀ gan-an ló máa gbà kọjá. Igi tí ara rẹ̀ ki, tí iṣan rẹ̀ sì kúnná, bí igi ọsàn tàbí gúáfà, dára gan-an. Mìlímítà 220 ni gígùn tí a nílò, ṣùgbọ́n ẹ gé e gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní mìlímítà 50 lápá kọ̀ọ̀kan, torí ojú gígé ló máa ń kọ́kọ́ là. Bí iṣẹ́ kò bá ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ kun ojú méjèèjì ní ọ̀dà, kí ẹ wé igi náà sínú ọ̀rá. Kó má pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ níbẹ̀, kí èbu má bàa sọ ọ́ di aláwọ̀ aró.

Irin mẹ́ta tó: gọ́ọ̀jì ńlá tí a fi ń mú igi róbótó, gọ́ọ̀jì kékeré tó fẹ̀ tó mìlímítà 10, àti irin pẹlẹbẹ mìlímítà 3 tí a fi ń gé nǹkan já. Ẹ pọ́n wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún pọ́n gọ́ọ̀jì kékeré kí ẹ tó fi kan ẹsẹ̀ ife. Gọ́ọ̀jì tó ti kú kì í gé igi tútù, ńṣe ló ń fà á ya. Ẹ fi ìbòjú bo gbogbo ojú, torí omi inú igi á máa ta. Ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ má sì wọ ìbọ̀wọ́ nídìí léètì láéláé.

Ẹ há igi sáàárín orí ẹ̀rọ àti ṣóńṣó àtìlẹ́yìn (apá léètì tó dojú kọ orí ẹ̀rọ), kí mùdùnmúdùn bọ́ sí ojú ṣóńṣó méjèèjì. Ìyípo 800 ní ìṣẹ́jú kan tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí igi bá ti róbótó, tí kò gbọ̀n mọ́, ẹ lè gbé e dé 1,500. Ní ìdí rẹ̀, ẹ gbẹ́ kùkùté kan tí ṣọ́ọ̀kì eléyín mẹ́rin (irin orí ẹ̀rọ tó ń di igi mú) máa di mú: mìlímítà 50 ní fífẹ̀, 8 ní gígùn. Bí ẹ bá há a sínú ṣọ́ọ̀kì, kí orí kùkùté má kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ o. Èjìká igi ló gbọ́dọ̀ jókòó lé eyín irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi á máa mì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dá ẹ̀rọ dúró kí ẹ tún ṣọ́ọ̀kì fún, torí igi tútù rọ̀, eyín irin á ti wọ inú rẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ìta ife ló kàn. Mìlímítà 70 àkọ́kọ́ láti ẹnu ni ti ife. Ẹ mú ìrísí ìta rẹ̀ dé ojú àmì pátápátá, àmọ́ ẹ jẹ́ kí igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì nípọn tó mìlímítà 40. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. Ẹsẹ̀ tínrín ló ń wù wọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n á wá fẹ́ gbẹ́ inú ife tó dúró lórí ohun tí kò nípọn ju ìka lọ. Gọ́ọ̀jì á kọ́ igi lẹ́ẹ̀kan péré, ife á fò lọ.

Fún inú ife, ẹ fi dírílì mìlímítà 10 lu ihò sí àárín, kó jìn tó mìlímítà 60. Ẹ lẹ téèpù mọ́ bíìtì kí ẹ lè mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ihò yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń kó mùdùnmúdùn kúrò, ó sì ń sọ bí ife ṣe máa jìn tó fún wa. Láti ẹnu ihò náà ni kí gọ́ọ̀jì ti máa gé bọ̀ wá síta, láti àárín sí etí. Nínú igi tí iṣan rẹ̀ kọjú sí wa, ọ̀nà yẹn ni iṣan tó wà lẹ́yìn ti ń gbe èyí tí a ń gé. Bí a bá gé e láti etí wọ àárín, iṣan á máa ṣí sókè, inú ife á sì rí hàtàhàtà.

Ẹ má gbẹ́ gbogbo inú tán kí ẹ tó wá máa fá ẹnu. Mìlímítà 20 àkọ́kọ́ láti ẹnu ni kí ẹ mú dé ìnípọn mìlímítà 2 nígbà tí igi tó kù nínú ṣì ń gbé e ró, kí ẹ tún sọ̀kalẹ̀ ní 20 mìíràn, títí dé ìdí. Bí ẹ bá ti kúrò ní apá kan, ẹ ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ máa fi ìgò afọ́nmi fọ́n omi díẹ̀ sí ẹnu ife ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra, kó má bàa gbẹ ṣáájú ìdí.

Kálípà lè wọn ìnípọn, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yá jù ú lọ. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ gbé gílóòbù LED kan sún mọ́ ìta ife, kí ẹ wá máa wo inú. Igi tútù tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ara rẹ̀ kọjá. Ní mìlímítà 4 kò sí nǹkan kan tó hàn. Ní 3, pupa rúsúrúsú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bó bá sì dé 2, gbogbo ògiri á ràn bí iná àtùpà tí a fi aṣọ bò. Ibi tó bá ṣókùnkùn ló ṣì nípọn. Kó jẹ́ LED, torí gílóòbù tó ń gbóná á gbẹ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn á sì là lójú yín. Igi tó dúdú kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, etí la fi ń bá ìyẹn ṣiṣẹ́: bí ògiri bá ṣe ń tín sí i ni ohùn gígé ń ròkè sí i. Bó bá wá ń dún bí ẹní ń súfèé, ẹ gbé irin kúrò.

Sánpépà nínú igi tútù, wàhálà ni. Ó máa ń dí, ó máa ń gbóná, ooru rẹ̀ nìkan sì tó láti la ẹnu ife. Ẹ fi omi rin ín, ẹ dín ìyípo kù sí 500, kí ẹ lo nọ́ńbà 180, 240, lẹ́yìn náà 400. Bí gọ́ọ̀jì bá mú dáadáa, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní 240. Inú àti ìta ife gbọ́dọ̀ parí báyìí, torí bí ẹsẹ̀ bá ti tínrín, a kò ní lè fọwọ́ tẹ ife náà mọ́.

Ẹ wá ki tíṣù rírọ̀ kún inú ife, kí ẹ sún àtìlẹ́yìn wá títí yóò fi fara kan tíṣù náà lásán. Kó kàn án, kó má tì í. Ẹsẹ̀ tó tínrín tí a ń tì láti iwájú á tẹ̀ ní àárín, títẹ̀ yẹn ló sì ń sọ ọ́ di gbígbọ̀n, tí gbígbọ̀n ń sọ ọ́ di kíkán.

Láti abẹ́ ife lọ sí ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀kì la ti ń gbẹ́ ẹsẹ̀, mìlímítà 15 sí 20 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú apá kan dé ìwọ̀n tó máa wà títí, ẹ fi sánpépà kan án, kí ẹ tó ṣí apá tó tẹ̀lé e. Igi nínípọn tó kù lẹ́yìn ló ń dúró fún wa. Bí a bá sọ gbogbo ẹsẹ̀ di mìlímítà 8 lẹ́ẹ̀kan náà, tí a wá fẹ́ mú un dé 5, yóò máa sá fún irin, àmì yíyípo bí okùn á sì hàn lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì yẹn, ẹ dín ìyípo kù, ẹ pọ́n gọ́ọ̀jì, kí ẹ fi ìka kan gbé ẹsẹ̀ náà ró láti ẹ̀yìn. Bí ìka bá ti ń gbóná, ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ jù. Fún àkọ́kọ́, mìlímítà 6 tó. Mìlímítà 3 ṣeé ṣe, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n ife márùn-ún tàbí mẹ́fà gbọ́dọ̀ ti ṣáájú rẹ̀. Níbi tí ẹsẹ̀ bá ti pàdé ife, ẹ jẹ́ kó yọ̀ wọlé pẹ̀lú ìtẹ̀kọ́rọ́ díẹ̀. Igun mímú ni ibi tó máa ń kán.

Àwọn kan máa ń fi òrùka tó ń yí fàlàlà sí ẹsẹ̀. A ń gbẹ́ ẹ kí ibẹ̀ tó tín, láti ara igi tó ṣì nípọn, a ń fi irin títẹ̀ jẹ ẹ́ lábẹ́ láti ọ̀tún àti òsì títí yóò fi já bọ́. Lójú tèmi, ọ̀kan tó, mẹ́ta ti di àṣejù.

Àtẹ́lẹsẹ̀ ní tirẹ̀ le ju bí ó ti ń rí lọ, torí mùdùnmúdùn ṣì wà ní àárín rẹ̀. Kó fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹnu ife, kó má sì nípọn ju mìlímítà 3 lọ ní etí. Ẹ dojú irin pẹlẹbẹ kọ abẹ́ rẹ̀ kó jin díẹ̀, kí etí nìkan máa kan tábìlì. Bó bá ku mìlímítà 5 ní àárín, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ fi ayùn kékeré gé e já. Ẹ kán súpágúlúù olómi kan sórí mùdùnmúdùn ní abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ kán òmíràn sí ìdí inú ife, torí ibẹ̀ ni lílà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi èèpo sílẹ̀ ní ẹnu ife, ẹ fi díẹ̀ sí ojú ibi tí èèpo ti pàdé igi.

Fún gbígbẹ, ẹ gbé e sínú àpò pépà, níbi tí oòrùn àti fáànù kò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ máa gbé e lé òṣùwọ̀n lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yí padà fún ọjọ́ méjì tẹ̀léra, ó ti gbẹ, ìyẹn kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ fún ògiri mìlímítà 2. Bí ẹnu bá là nígbà yẹn, ẹ wo ojú lílà náà: ní ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ ó rí i pé apá kan nípọn ju èkejì lọ. Bí ìdí ife ló là, igi tó kù sí ìdí náà ló pọ̀ jù.

Òróró linseed tó ṣeé gbẹ, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ọjọ́ kan láàárín wọn, ti tó. Ẹ tẹ́ aṣọ tí ẹ fi pa á sílẹ̀ gbalaja títí yóò fi gbẹ, torí bí a bá ká a jọ, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ife yìí kì í ṣe fún mímu o. Ọtí á gba ojú mùdùnmúdùn jò, ògiri á rọ̀, á sì tún wọ́.

Omi inú igi tó ní tannin (èròjà kíkorò inú igi) máa ń di dúdú bí ó bá kan irin. Ẹ nu ṣọ́ọ̀kì kí ẹ tó há kùkùté sí i, bí àmì dúdú bá sì ti hàn lára ife, omi ọsàn wẹ́wẹ́ á mú un kúrò kí ó tó gbẹ. Ẹ gbá gbogbo èérún igi kúrò lórí léètì lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu irin rẹ̀, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa á. Èérún tútù tó bá sun orí irin á ti hù ú ní ìpẹtà kí ilẹ̀ tó mọ́.